Káàdì Epo Nawaf àti Ife Kọfí Tí A Kò Mu

Abúlé Umm-Zaitun, lẹ́bàá Karak
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọdún 2022

Nawaf, ọmọ mi, baba mi,

Ní orúkọ Ọlọ́run Ọba Aláàánú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kí àwọn tó yẹ kí a kọ́kọ́ kí, nítorí inú gbọ̀ngán àlejò ni mo ti ń kọ ìwé yìí, kò sì yẹ kí baba kí ọmọ rẹ̀ ṣáájú àgbà. Mo kí Baba Ghaleb, tó jókòó sórí tìmùtìmù àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún, àgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀. Mo kí Àlàájì Mithqal, ẹni tí ìjà tó ti parí pọ̀ ju irun orí mi lọ. Mo kí Lèmọ́mù wa, Sheikh Awwad, olóhùn dídùn tí àkùkọ ń dákẹ́ fún. Mo kí àwọn àlejò tí wọ́n ti Tafila wá, kí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi wá má ṣe kọ. Gbogbo wọn ló ní kí n kí ọ. Lẹ́yìn wọn ni èmi, Diyab baba rẹ, agbẹnusọ ìdílé, kí ọ kú àárò ilé.

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ ní ilé iṣẹ́ dígí yẹn? O sọ fún mi nígbà kan pé láti orí ibùsùn rẹ lo ti ń gbọ́ fèrè tí wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́, inú mi sì dùn pé Ọlọ́run kò jẹ́ kí o máa rìn jìnnà kí o tó jẹun. Àwa ti bẹ̀rẹ̀ ìkórè ólífì. Igi tí ìyá rẹ gbìn lẹ́yìnkùlé so lọ́dún yìí débi pé ẹ̀ka rẹ̀ ń fọwọ́ kan ilẹ̀. Mo ń ká èyí tí ọwọ́ mi tó. Èyí tó kù, ẹyẹ ń bá mi jẹ ẹ́.

Mutlaq, awakọ̀ tírélà tó ń kó tòmáàtì wá sọ́dọ̀ yín, ni mo fi ìwé yìí rán. Má bínú pé n kò gbé fóònù sétí. Etí mi ti di etí àgbà, ohùn rẹ ń dún níbẹ̀ bí oyin nínú agolo. Ìwé ló ṣe é kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹyọ ìbéèrè kan ni mo ní. Iléyá tó kọjá ni ìkẹrin tí a pa àgbò láìsí ọwọ́ rẹ lára okùn rẹ̀. Ṣé wàá wá sí èyí tó ń bọ̀? Gbogbo gbọ̀ngán ló ń béèrè. Baba Ghaleb wí lánàá pé, "Diyab, ṣé ọmọ rẹ ló gbàgbé ọ̀nà, àbí ọ̀nà ló gbàgbé rẹ̀?" Gbogbo ìjókòó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí àlejò wà nílé.

Èmi ni baba rẹ,
Diyab


Sharjah
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá, ọdún 2022

Bàbá mi, adé orí mi,

Mo fẹnu ko ọwọ́ yín àti iwájú orí yín. Ẹ bá mi kí àwọn àgbà bí ẹ ti tò wọ́n, kí ọ̀wọ̀ ẹnikẹ́ni má ṣe dín. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Ooru ti ń dínkù, èèyàn lè ṣí fèrèsé báyìí. Ní ti iléyá, ó ṣì jìnnà, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọgbọ́n yín bá mi yẹ̀ wò. Yàtọ̀ sí owó ilé, kò sí ohun tó ń gba owó lọ́wọ́ mi tó epo ọkọ̀. Àwọn báńkì níbí ní káàdì àwìn kan tó ń fún ẹni tó bá ń ra epo ní ẹ̀san. Ẹ ó fi ra nǹkan lónìí, báńkì á sanwó rẹ̀, ẹ ó sì dá a padà fún wọn lópin oṣù. Ẹ má tíì bínú. Bí èèyàn bá san gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, kò sí èlé níbẹ̀, mi ò sì ní jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá lórí mi.

Káàdì méjì ló wà níwájú mi. Èkíní ń dá ìdá kan nínú mẹ́wàá owó epo padà fún ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ilé epo orílẹ̀-èdè yìí nìkan ló mọ̀, èèyàn sì gbọ́dọ̀ ti fi í ná ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dírámù lóṣù sórí nǹkan mìíràn kó tó san kọ́bọ̀. Èkejì kì í dá ju méjì nínú ọgọ́rùn-ún padà, ṣùgbọ́n kò béèrè nǹkan kan, ibi yòówù tí ilé epo bá sì wà láyé, ó ń san tirẹ̀.

Mo lọ bá ọmọbìnrin kan ní báńkì. Ó ní, "Ọ̀gá, èkíní ni kẹ́ ẹ mú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kì í ṣe nǹkan. Ọjà tí ìyàwó yín bá rà lẹ́ẹ̀kan ti kọjá ìdajì."

"Mi ò tíì ní ìyàwó."

"Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Arábìnrin, níbo ni màá ti rí ọmọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bínú. Ó wá bi mí ní jẹ́jẹ́ pé kí ni mo máa ń rà. Mo ní búrẹ́dì, ẹyin àti wàrà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, èkejì ló bá yín mu. Ṣùgbọ́n wọn ò ní ká máa sọ bẹ́ẹ̀."

Síbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ń wọ̀ mí lójú. Bóyá mo lè máa ra ohun tí mi ò nílò kí n lè tó iye yẹn. Bàbá, èwo ni kí n mú?

Ọmọ yín,
Nawaf


Abúlé Umm-Zaitun
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá, ọdún 2022

Nawaf, ọmọ tó ń béèrè kó má baà ṣìnà,

Àwọn àgbà kí ọ, láti orí tìmùtìmù àkọ́kọ́ títí dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ rẹ wúlò tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè dá a gbọ́. Lẹ́yìn tí kọfí ti yí gbọ̀ngán po, mo dìde, mo ka ìwé rẹ sókè fún gbogbo ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ gbọ̀ngán ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé, bẹ́ẹ̀ la ti bá a.

Àlàájì Mithqal ló kọ́kọ́ fèsì: "Báńkì tó ń sanwó fún ẹni tó ń jó epo, ṣé orí báńkì náà pé?"

Sheikh Awwad ní, "Bí kò bá sí èlé, kò burú. Bí èlé bá wà, kó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́."

Baba Ghaleb gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan. Iṣẹ́ ọmọ yìí wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń gbọ́ fèrè láti orí ibùsùn. Ta ló wá ń mu epo yìí? Ṣé ọkọ̀ nìkan ni, àbí ẹnì kan ń bá ọkọ̀ mu ún?"

Gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. Àlàájì Mithqal ní, "Bó bá jẹ́ ẹnì kan ni, kó mú un wálé ká wo ojú ẹ̀." Mo gbè ọ́ lẹ́yìn, mo ní ọmọ mi kì í rin ìrìnkurìn. Ṣùgbọ́n èmi náà ń bi ọ́, ní àárín àwa méjèèjì: ibo lo máa ń wakọ̀ lọ?

Àwọn àgbà rò ó pé ọwọ́ rẹ lè má fẹ̀. Wọ́n da owó jọ, owó epo, ó wà nínú àpò tí Mutlaq gbé wá. Wàrà gbígbẹ tí a ó fi se ẹran àgùntàn wà pẹ̀lú rẹ̀, àti kọfí tí a yan bí o ti fẹ́ ẹ. Ìdílé wa kì í jẹ́ kí àgùntàn wọn kú sí pápá onípápá. Ṣé a ti lè máa retí rẹ fún iléyá?

Baba rẹ,
Diyab


Sharjah
Ogúnjọ́, oṣù kejìlá, ọdún 2022

Bàbá,

Mo kí yín. Àpò owó náà ń bọ̀ lọ́wọ́ Mutlaq. Mi ò ṣí i.

Ìmọ̀ràn ni mo béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin nìkan. Mi ò tọrọ sàráà. Ẹ ka ìwé mi síwájú àlejò, wọ́n fi ọ̀rọ̀ epo mi ṣe ẹ̀rín, wọ́n sì dá owó fún mi bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dákú sójú títì. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é nílé wa: ẹni tó bá ti ìlú òkèèrè dé, ẹ̀bùn ló fi ń wọ gbọ̀ngán, aṣọ ìborùn fún àgbà yìí, tẹ̀sùbáà fún àgbà yẹn, kò gbọdọ̀ fo ẹnì kan. Báwo ni kí n ṣe wọlé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo síwájú àwọn tó ti ra epo fún mi?

Ní ti iléyá, ẹ má retí mi.

Nawaf


Abúlé Umm-Zaitun
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìíní, ọdún 2023

Ọmọ mi,

Mo gba àpò náà. Mo gba ìwé rẹ pẹ̀lú. N kò kà á fún ẹnikẹ́ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá bọ́, kì í ṣe é kó. Ṣùgbọ́n mo ń bẹ̀ ọ́, ogiri ilé sì gbọ́ ọ. Fún mi lésì, bó tilẹ̀ jẹ́ láti bú mi. Òjò dídì ti bo orí òkè lánàá, mo sì rántí bí o ti máa ń jẹ ẹ́ nígbà tí o wà ní kékeré, tí ìyá rẹ á máa sáré tẹ̀lé ọ.

Diyab


Abúlé Umm-Zaitun
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, ọdún 2023

Nawaf, onílé mi,

Mutlaq lọ, ó bọ̀, kò mú ìwé wá. Ó tún lọ, ó tún bọ̀. Ó ní o gba tèmi, o dúpẹ́, o sì ti ìlẹ̀kùn.

Láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti dúdú ni mo ti ń ṣíwájú àwọn àgbà lọ sí ilé onílé, láti tọrọ ìyàwó fún ọmọ ẹni, láti tọrọ ìdáríjì fún ẹ̀jẹ̀ tó ti ta sílẹ̀. O mọ òfin rẹ̀. Wọn yóò gbé kọfí síwájú agbẹnusọ, kò sì ní fẹnu kàn án títí onílé yóò fi wí pé, "Ẹ mu kọfí yín." Bí ó bá ti wí bẹ́ẹ̀, ohun tí a wá tọrọ ti di tiwa. Ọlọ́run kò dójú tì mí rí. N kò tíì dìde kúrò nílé ẹnikẹ́ni pẹ̀lú ife kíkún níwájú mi.

Lónìí mo wọ aṣọ ìlékè tí mo fi ń lọ bẹ̀bẹ̀. Mo bu kọfí kan, mo gbé e síwájú ara mi. Ìwọ ni onílé, èmi ni mo wá bẹ̀bẹ̀. Ohun tí mo wá tọrọ ni pé kí o wá sílé fún iléyá. N kò ní mu kọfí nínú gbọ̀ngán yìí títí wàá fi dá mi lóhùn.

Baba rẹ,
Diyab


Sharjah
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin, ọdún 2023

Bàbá mi, adé orí mi,

Mo fẹnu ko ọwọ́ yín. Ẹ kú ààwẹ̀, kí Ọlọ́run gbà á lẹ́sìn. Ẹ dárí ìdákẹ́jẹ́ mi jì mí.

Mutlaq gbé ìwé yín dé nígbà tí a fẹ́ ṣínu. Mo ní kó jókòó, ká jọ jẹun. A mu omi, a jẹ dàbínù. Mo bi í pé, "Àwọn àgbà ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín?"

Ó wò mí bí ẹni tí ebi ààwẹ̀ ti dà lórí rú. "Àgbà wo?"

"Baba Ghaleb, Àlàájì Mithqal, Lèmọ́mù..."

"Nawaf, Baba Ghaleb kẹ̀? Ó ti pé ọdún méjì tá a ti sin ín. Àlàájì Mithqal wà lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ ní Amman, kò mọ ẹni tó ń bọ́ ọ mọ́. Lèmọ́mù ti kó lọ sí Aqaba. Àwọn ọ̀dọ́ ò sì wọ gbọ̀ngán mọ́, ojú fóònù ni wọ́n jókòó sí. Èmi nìkan ni baba rẹ ń bu kọfí fún. Tí mo bá mi ife pé ó ti tó mi, wọ́n á ṣe bí ẹni tí ò rí i, wọ́n á tún bu òmíràn. Tìmùtìmù yí gbọ̀ngán ká, èèyàn kankan ò sí lórí wọn."

"Owó epo tí wọ́n dá fún mi ńkọ́?"

"Owó ìfẹ̀yìntì baba rẹ ni. Wàrà gbígbẹ yẹn, àwọn fúnra wọn ló ń sá a lórí òrùlé."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"O ò bi mí. Ìwé lo máa ń gbà lọ́wọ́ mi. Òní lo kọ́kọ́ ní kí n jókòó."

Bàbá, mi ò mọ̀. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá mi ni mo ti yọ ara mi kúrò nínú ẹgbẹ́ ará ilé tó wà lórí fóònù, nítorí kò sí ohun tí wọ́n ń bi mí níbẹ̀ ju ìgbà tí màá gbéyàwó lọ. Láti inú ìwé yín nìkan ni mo ti ń rí ilé. Gbogbo orúkọ tí ẹ bá kí, màá ka ẹ̀bùn kan mọ́ ọn, èyí tí mo bá rà kò sì ní tó. Gbọ̀ngán tó kún lẹ fi ń pè mí, gbọ̀ngán tó kún náà ló ń lé mi sẹ́yìn.

Ẹ ti béèrè ẹni tó ń bá mi mu epo. Kò sí ẹnì kankan. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí a bá ti kírun tán, mo máa ń wakọ̀ lọ sí àwọn òkè tó wà lápá àríwá, nítorí àwọ̀ òkúta wọn jọ ti Karak. Mo máa ń gùn ún dé góńgó, màá jókòó sínú ọkọ̀, màá mu kọfí tí mo gbé dání, màá sì padà. Láàárín ọ̀sẹ̀ pàápàá, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí yàrá náà dákẹ́ jù, mo máa ń mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ilé epo nìkan ni wọ́n ti ń bi mí ní nǹkan. Ẹni tó ń rọ epo níbẹ̀ á ní, "Ṣé kó kún, ọ̀gá?" Màá ní kó má ṣe kún, kí n lè rí ìdí tí màá fi tún padà wá.

Báyìí, ẹ̀yin nìkan ni mò ń bi: káàdì wo ni kí n mú?

Ọmọ yín,
Nawaf


Abúlé Umm-Zaitun
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún, ọdún 2023

Nawaf, baba mi,

Lónìí n kò ní ẹni tí n ó kí ṣáájú rẹ. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ kí.

Òótọ́ ni Mutlaq sọ. Mo kí òkú mọ́ alààyè nínú ìwé mi, mo sì fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu, nítorí mo mọ ohun tí oníkálukú wọn ì bá sọ. Mo rò pé kò sí ọmọ tí í padà sí ilé òfìfo. Ìwé rẹ náà, lóòótọ́ ni mo dìde kà á sókè. Tìmùtìmù ló gbọ́ ọ. Ìbéèrè tí mo fi sẹ́nu Baba Ghaleb, tèmi ni. Mo ń tijú láti bi ọ́.

Ní ti káàdì, gbọ́ ohun tí agbẹnusọ rí. Èkíní dà bí onílé tó gbé àwo ńlá síwájú àlejò, tó wá fọwọ́ bò ó, tó ní kí àlejò kọ́kọ́ ka iye ọmọ tó bí. Bí o bá ní kí o máa ra ohun tí o kò nílò láti tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìwọ lò ń ṣe é lálejò. Bí o bá sì ti sọdá ẹnubodè, kò mọ̀ ọ́ mọ́. Èkejì, ẹ̀bùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò bi ọ́ ní ìdílé, kò bi ọ́ ní ibi tí ò ń lọ, gbogbo ilé epo ni ilé rẹ̀. Èkejì ni kí o mú. Ọ̀nà abúlé yìí gba aṣálẹ̀ Sáúdì kọjá, ilé epo orílẹ̀-èdè mìíràn ló sì wà lójú ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

San án pé kí oṣù tó parí. Má mú ẹ̀bùn wá. Kọfí náà ṣì wà níwájú mi.

Baba rẹ,
Diyab


Sharjah
Ogúnjọ́, oṣù karùn-ún, ọdún 2023

Bàbá mi,

Káàdì èkejì ti dé. Mo gbé e lọ sí ilé epo lánàá. Ọkùnrin náà bi mí bó ti máa ń bi mí. Mo ní kó kún.

Ẹ mu kọfí yín.

Nawaf


Abúlé Umm-Zaitun
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, ọdún 2023

Mo kí tìmùtìmù àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún, níbi tí Baba Ghaleb ti jókòó, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo kí tìmùtìmù Àlàájì Mithqal, ẹni tí orúkọ àwọn èèyàn ti sá kúrò lórí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọlá kò sá kúrò lára rẹ̀. Mo kí àyè Sheikh Awwad. Mo kí àyè àwọn àlejò tí kò wá. Mo kí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìyá Nawaf ti máa ń dúró, tí á máa tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin, tí á sì padà lọ rẹ́rìn-ín ní ilé ìdáná.

Ọmọ mi, Mutlaq ní ọ̀sẹ̀ tí ìwọ yóò gbéra ni òun náà yóò wà lọ́nà, òun yóò sì fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́ ní ẹnubodè. Kọfí ti ọjọ́ náà ti gbẹ sí ìdí ife. Mo fọ̀ ọ́, mo bu tuntun, mo sì mu ún tán níbi tí mo jókòó sí. Àgbò wà lórí okùn. Òun nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, kò sì gbà pẹ̀lú mi lórí ohunkóhun.

Ẹ̀yin ìjókòó tó wà àti ẹ̀yin tí kò sí, ẹ gbọ́ ìkéde agbẹnusọ ìdílé. Ní ọjọ́ Arafá, ọjọ́ tó ṣáájú iléyá, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ìlẹ̀kùn gbọ̀ngán yìí yóò ṣí gbayawu. Èmi Diyab yóò bu kọfí, n kò sì ní sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lẹ́nu mi. Ẹni tí ó kàn láti sọ̀rọ̀ ni Nawaf, ọmọ mi.